Sítẹ́ríò tó ń fi gbogbo kúlẹ̀kúlẹ̀ hàn, tí kì í jẹ́ kórin kankan parí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí sítẹ́ríò ilé ló mú mi kọ̀wé yìí, èyí tí ọ̀gbẹ́ni kan ti sọ pé sítẹ́ríò tí èèyàn ò bá ti lè fi gbọ́ bí akọrin ṣe ń mí sínú kó tó lanu, ohun ìṣeré ọmọdé lásán ni, pé ká lọ wá èyí tó ń fi gbogbo kúlẹ̀kúlẹ̀ hàn ká rà á. Mo ka lẹ́tà náà tán mo rẹ́rìn-ín, torí mo mọ irú wọn, mo sì fẹ́ràn wọn, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ kan wà lára wọn. Àmọ́ apá kan ọ̀rọ̀ ni bàbá yẹn sọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi apá kejì, ìyẹn ìgbádùn orin fúnra ẹ̀, sí i, kí àwọn tó ń múra àtira sítẹ́ríò má bàa fi owó ara wọn ra ẹ̀fọ́rí.

Ọ̀rẹ́ mi tí mo ń wí yìí, sítẹ́ríò ẹ̀ kì í ṣe ti eré o. Bí ẹ bá ti jókòó báyìí, á ní "ẹ gbọ́, ẹ gbọ́ ibí yìí dáadáa", á gbé orin kan sí i, ẹ ó gbọ́ bí ìka onígìtá ṣe ń yọ̀ lórí okùn, ẹ ó gbọ́ bí àga tí onídùùrù jókòó lé ṣe dún fín, ẹ ó gbọ́ ètè akọrin tó ń là kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ó dáa, ó yani lẹ́nu, mi ò ní purọ́. Kí ẹ tó sọ pé ó dáa ó ti yọ ìyẹn kúrò, ó ti gbé òmíì sí i, "ẹ tún gbọ́ eléyìí wò." Bẹ́ẹ̀ la ó máa bá a lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, orin kan ò ní parí. Mo kọ́kọ́ rò pé torí àlejò ni, àṣé bó bá ku òun nìkan náà bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe, òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi, pé bó bá ti ṣe díẹ̀ etí òun á ti fẹ́ sinmi, òun á sì pa á, pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àgbà ti ń dé. Àgbà kẹ̀! Sípíkà yẹn ni.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Etí ọmọ èèyàn, bó bá ṣì pé, ó ń gbọ́ láti nǹkan bíi 20 hertz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) títí dé 20,000 hertz, bí a bá sì ṣe ń dàgbà ni apá òkè yẹn ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n etí kì í gbọ́ gbogbo ẹ̀ bákan náà. Láti bíi 2,000 sí 5,000 hertz, ibẹ̀ letí ti mú jù, ìró tó kéré gan-an níbẹ̀ á ta síni létí kíá, nígbà tó jẹ́ pé báàsì, ìyẹn ìró ìsàlẹ̀, ní láti lágbára gidi gan-an kó tó dọ́gba mọ́ ọn létí wa. Ọkùnrin méjì kan ní ilé ìwádìí Bell Labs l'Amẹ́ríkà, Fletcher àti Munson, ló wọn nǹkan yìí tí wọ́n sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 1933, àwọn míì ti tún un wọ̀n lẹ́yìn wọn, ìdí ọ̀rọ̀ náà ò yí padà. Ó dáa, ẹ wá wò ó: bí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ kí sípíkà òun dún bíi pé kúlẹ̀kúlẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀, kò nílò iṣẹ́ ọpọlọ kankan, kó ṣáà gbé apá yẹn àti òkè ẹ̀ sókè ní désíbẹ̀lì (ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára ìró) méjì sí mẹ́ta, ó parí. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ẹ ó máa gbọ́ èémí, ẹ ó máa gbọ́ ìka, ẹ ó máa gbọ́ ikọ́ ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngán. Kì í ṣe pé sípíkà yìí rí nǹkan tí èkejì ò rí o, nǹkan kan náà ló wà nínú CD kan náà, ó kàn tì í wá sójú ọ̀nà ni. Bó sì ṣe ti ìyẹn síwájú ló ti òmíì sẹ́yìn: igbáàyà akọrin, ikùn gìtá, ìlù ńlá tó yẹ kó máa gbé orin rìn. Ẹ ó gbọ́ ètè, ẹ ò ní gbọ́ èèyàn tó ni ètè.

Sọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń fi èyí mú wa jù. Ẹni tó fẹ́ ra sítẹ́ríò á dúró síwájú sípíkà méjì, wọ́n á fi orin kan sí ọ̀kan fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á yí i sí èkejì, wọ́n á ní èwo lẹ fẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan yẹn, èyí tó ń dán yòò lókè ló máa borí, torí etí máa ń sáré bá ohun tó bá dá yàtọ̀. Tí ọ̀kan bá tún wá fi désíbẹ̀lì kan ṣoṣo lágbára ju ìkejì lọ, oníbàárà kì í sọ pé "eléyìí ń pariwo ju tọ̀hún lọ", ohun tó máa sọ ni pé "eléyìí mọ́ jù, ó já gaara". Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń dán sípíkà wò fi máa ń kọ́kọ́ wọn agbára ìró méjèèjì dọ́gba kí wọ́n tó fi wọ́n wéra, mi ò sì tíì rí sọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n.

Ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Floyd Toole, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba ní Kánádà ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kó tó kọjá sí Harman, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sípíkà l'Amẹ́ríkà, òun àti Sean Olive ni wọ́n jọ ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi aṣọ bo sípíkà lójú àwọn tó ń gbọ́, wọ́n á ṣe é kí agbára ìró wọn dọ́gba, wọ́n á wá ní kí wọ́n máa fún wọn ní máàkì. Lọ́dún 1994 wọ́n gbé iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé bí àwọn èèyàn bá ti lè rí sípíkà náà lójú, máàkì wọn á yí padà, bó ṣe tóbi tó àti orúkọ tó wà lára ẹ̀ ti ń bá wọn gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí aṣọ bá bò ó, ẹni tó ti gba ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń fetí sí ìró àti ẹni tí ò gbà, ìbì kan náà ni wọ́n máa ń fi orí lé, ẹni tó gbẹ̀kọ́ kàn máa ń le ní máàkì ni. Sípíkà tí wọ́n sì máa ń yàn ni èyí tí ìró ẹ̀ tẹ́jú láti ìsàlẹ̀ dókè, tí kò gbé apá kan ga ju èkejì lọ, tí ohun tó ń fọ́n sí ẹ̀gbẹ́ sì jọ ohun tó ń fọ́n síwájú. Ẹ ṣàkíyèsí o, sípíkà tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n níbi téèyàn jókòó sí nínú yàrá, ẹ ó rí i pé báàsì ẹ̀ ga díẹ̀, tírẹ́bù ẹ̀, ìyẹn ìró òkè, sì rọra ń sọ̀ kalẹ̀, bí yàrá ṣe ń ṣe é nìyẹn, etí sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé òkè pátápátá níbi àga, tó ń mú bí abẹ́rẹ́ bá a ṣe ń pè é, kì í pẹ́ sú èèyàn.

Nítorí náà ọ̀rọ̀ kí a yan ọ̀kan nínú kúlẹ̀kúlẹ̀ àti ìgbádùn yìí, mi ò gbà á tán. Ṣebí bí èèyàn bá ń sunkún á máa ríran. Kúlẹ̀kúlẹ̀ tó jẹ́ ti tòótọ́ kì í fa èèyàn létí, ẹ kàn máa rí i pé akọrin mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ẹ lè tẹ̀ lé ẹnì kan tó bá wù yín láàárín wọn, ẹ sì lè gbàgbé ẹ̀ kẹ́ ẹ máa gbọ́ gbogbo wọn lápapọ̀. Ọwọ́ yín ló wà. Èyí tí wọ́n fi agídí tì síwájú kì í jẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀.

Bàbá tó kọ lẹ́tà tún sọ pé ohun tí wọ́n ń lò ní sítúdíò ló yẹ ká gbé sílé. Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn sípíkà kan fún un, Yamaha NS-10. Lọ́dún 1978 ni Yamaha gbé e jáde, pálọ̀ àwọn èèyàn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é, kì í ṣe sítúdíò rárá. Àwọn tó gbọ́ ọ nílé ò yìn ín, báàsì ẹ̀ kéré, àárín ẹ̀ sì yọ síta gan-gan. Àmọ́ àwọn ẹnjiníà tó ń po orin pọ̀ ní sítúdíò rí i, wọ́n gbé e sórí tábìlì iṣẹ́ wọn, ó sì di pé kò sí sítúdíò ńlá kan tẹ́ ẹ máa wọ̀ tí ẹ ò ní rí kóònù funfun méjì yẹn tó ń wo yín. Tírẹ́bù ẹ̀ le débi pé àwọn kan ń fi bébà tíṣù bo tuwítà ẹ̀, ìyẹn sípíkà kékeré inú ẹ̀ tó ń gbé ìró òkè jáde, kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Ọdún 2001 ni wọ́n tó dáwọ́ ṣíṣe é dúró. Kí ló dé tí àwọn tó mọṣẹ́ fi fẹ́ nǹkan tí ilé ò fẹ́? Torí àṣìṣe ni wọ́n ń wá. Télọ̀ máa ń yí inú aṣọ síta kó lè rí ojú rírán dáadáa, ẹni tó ni aṣọ kì í yí inú ẹ̀ síta wọ̀ lọ òde. Bí orin bá dáa lórí NS-10, wọ́n gbà pé ó máa dáa níbikíbi, ìyẹn ni iṣẹ́ tó ń ṣe fún wọn. Àwa tí a jókòó sílé lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, àṣìṣe ta la fẹ́ wá?

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbé sípíkà sítúdíò sílé o, àwọn tó wà níta báyìí tó tẹ́jú dáadáa tó sì dùn-ún gbọ́ pọ̀. Ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n ń lo nǹkan fún ni mo ń sọ.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, ìyẹn yàrá, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú kúlẹ̀kúlẹ̀ tí àwọn èèyàn ń wá kiri ń bọ́ sọnù sí, tí wọ́n á wá lọ ra tuwítà tó mú sí i. Ohun kan wà nínú bí etí ṣe ń ṣiṣẹ́: ìró tó wà nísàlẹ̀ máa ń bo èyí tó wà lókè ẹ̀ mọ́lẹ̀, ju bí tòkè ṣe ń bo tìsàlẹ̀ lọ. Bí báàsì bá ń hó gbùùù nínú yàrá, ohùn akọrin á ti sọnù sábẹ́ ẹ̀, ẹ ó máa rò pé sípíkà ò mọ́. Ẹ mú yàrá tó gùn ní mítà 4. Ìró ń sáré ní nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ fi ìlọ́po méjì gígùn yàrá yẹn, ìyẹn 8, pín in, ẹ ó rí bíi 43 hertz, ìyẹn ìró tí yàrá fúnra ẹ̀ máa ń gbé sókè. Okùn tó nípọn jù lára gìtá báàsì tó ní okùn mẹ́rin, bíi 41 hertz ló ń dún, ìró tó tẹ̀ lé e lókè sún mọ́ 44. Ṣé ẹ rí i? Àárín àwọn méjèèjì yẹn gan-an ni yàrá fẹsẹ̀ lé. Nígbà tí onígìtá bá tẹ ibẹ̀ yàrá á gbà á lẹ́nu ẹ̀, á máa dún lọ lẹ́yìn tó ti ká ọwọ́ ńlẹ̀, bó bá sì gòkè díẹ̀ sí ìró míì, ó lè jẹ́ pé ẹ ò tiẹ̀ ní fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ níbi tí ẹ jókòó sí. Kò sí ańpù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, tó lè wo ìyẹn sàn.

Ohun tó lè wò ó ò ṣòro. Ẹ fa sípíkà kúrò lára ògiri. Púpọ̀ èèyàn ló ń tì í wọlé sí igun yàrá torí kó má bàa dí ọ̀nà, igun sì ni ibi tó máa ń gbé báàsì sókè jù. Mo rántí ọjọ́ tá a ṣe é nílé ọ̀rẹ́ mi yẹn, ó ní òun ò gbà, sípíkà òun ò ṣeé fọwọ́ kàn, a bẹ̀ ẹ́ títí, a fà á síwájú díẹ̀ a gbọ́, a tún fà á díẹ̀, a fi ibi tá a bá a sí sàmì sílẹ̀ kó lè dá a padà bó bá bínú. Orin kan wà tí ìlù ńlá àti gìtá báàsì ti ń lọ pọ̀, látọjọ́ tá a ti ń gbọ́ ọ nílé ẹ̀, gbùrùgbùrù kan náà ni àwọn méjèèjì. Nígbà tá a fà á dé ibì kan, wọ́n yà kúrò lára ara wọn: ẹ gbọ́ igi tó ba awọ, ẹ gbọ́ awọ tó dáhùn, okùn gìtá wá wọlé tẹ̀ lé e, tiẹ̀ yàtọ̀. Kúlẹ̀kúlẹ̀ rèé o, báàsì ló ti wá, kì í ṣe tírẹ́bù, kò sì sí ẹni tí etí ń dùn. Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́, ó ní ká tún un gbé. Orin náà parí lọ́jọ́ yẹn.

Àga yín náà ńkọ́? Bó bá fẹ̀yìn ti ògiri, báàsì á tún pọ̀ lápọ̀jù níbẹ̀, ẹ sún un síwájú bí àyè bá wà. Ẹ jẹ́ kí àyè tó wà láàárín sípíkà méjèèjì sún mọ́ iye àyè tó wà láàárín yín àti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí tuwítà bá etí yín dọ́gba lórí ìjókòó. Tó bá ń ta síni létí jù, ẹ má tíì gbé e lọ tà, ẹ yí ojú ẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ tuwítà ló jẹ́ pé iwájú ẹ̀ gan-an ló ti le jù.

Yàrá tó jẹ́ táìlì nílẹ̀, gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ògiri lásán lẹ́yìn, tírẹ́bù á máa ta padà láti ibi gbogbo, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀ ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń dáhùn. Kápẹ́ẹ̀tì, kọ́tìnnì tó nípọn, àga onítìmùtìmù, àpótí ìwé tí ìwé inú ẹ̀ ò dọ́gba, gbogbo ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́, àwọn kan á gbé fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ gbogbo ara ògiri, fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ ò sì lè mú báàsì, òkè nìkan ló ń mú, ohun tó máa kù ni yàrá tó kú lókè tó ń hó nísàlẹ̀, orin á wá dà bíi pé wọ́n ń kọ ọ́ láti inú àpótí.

Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí báàsì àti tírẹ́bù, mi ò mọ ẹni tó sọ fún àwọn èèyàn pé ìtìjú ni. Peter Baxandall, ẹnjiníà ará England kan, lẹni tó gbé irú èyí tí gbogbo ayé ń lò jáde, nínú ìwé ìròyìn Wireless World lọ́dún 1952, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tó yá, àwọn tó ń pe ara wọn ní onímọ̀ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ańpù pé ó ń ba ìró jẹ́, pé kí orin dé bó ṣe wà. Bó ṣe wà níbo? Ẹni tó po orin yẹn pọ̀ ti fọwọ́ yí bọ́tìnnì bí ẹgbẹ̀rún kó tó dé ọwọ́ yín, nínú yàrá tiẹ̀, pẹ̀lú sípíkà tiẹ̀. Ilé iṣẹ́ Quad ní England ṣe irú kan tó ń jẹ́ tilt sára àwọn ẹ̀rọ ẹ̀ kan, bó bá ti sọ tírẹ́bù kalẹ̀ díẹ̀ ló máa gbé báàsì sókè díẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn sì ni ohun tí orin tó mú jù nílò gan-an. Lónìí equalizer, ohun tí a fi ń gbé apá kọ̀ọ̀kan ìró sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀, wà nínú fóònù gbogbo èèyàn. Ẹ lò ó, ẹ kàn má gbé nǹkan sókè púpọ̀, ẹ kúkú sọ èyí tó ń dààmú yín kalẹ̀.

Ti alẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ rántí Fletcher àti Munson: bí ẹ bá dín fọ́lúùmù kù kí àwọn ọmọ lè sùn, báàsì ni etí á kọ́kọ́ pàdánù, orin tó kún lọ́sàn-án á wá gbẹ. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fi bọ́tìnnì "loudness" sára àwọn sítẹ́ríò àtijọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá fi báàsì díẹ̀ kún un lálẹ́, ẹ ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Bọ́rọ̀ bá kan bí wọ́n ṣe gba orin sílẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń bí mi nínú díẹ̀. CD tó jáde lọ́dún 1982 lè gba nǹkan bíi désíbẹ̀lì 96 láàárín ìró tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù, àyè ọ̀hún pọ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990 sí òkè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún orin pọ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ń gbé ibi tó rọlẹ̀ nínú ẹ̀ sókè bá ibi tó lágbára, kí tiwọn lè pariwo ju ti ẹlòmíì lọ, gbogbo nǹkan wá fún mọ́ra wọn lókè pátápátá, ìlù ò lè fò mọ́, ibi tó yẹ kó rọlẹ̀ ò rọlẹ̀. Àwọn ìkànnì tí à ń gbọ́ orin lórí ẹ̀ báyìí, Spotify àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ti ń mú agbára gbogbo orin wá sójú kan, kò tiẹ̀ wá sí èrè nínú pípariwo yẹn mọ́, ṣùgbọ́n àwọn orin tí wọ́n ti bàjẹ́ ti bàjẹ́ náà nìyẹn. Ẹ gbé irú orin bẹ́ẹ̀ sórí sítẹ́ríò tó ń tú àṣírí, ẹ ò ní lè jókòó tì í. Kí ló máa ń tẹ̀yìn ẹ̀ yọ? Onísítẹ́ríò á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún orin tó fẹ́ràn láti ọmọdé, á máa wá èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ dáadáa, obìnrin kan pẹ̀lú gìtá kan nínú gbọ̀ngán tó dákẹ́ rọ́rọ́, orin tí kò ní í gbọ́ láé ká ní kì í ṣe ti sítẹ́ríò. Ní tèmi o, sítẹ́ríò tó bá ti ń yan orin fún èèyàn ti kọjá àyè ẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ ká bọ́ sí kòtò òdìkejì. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti mẹ́nu ba kúlẹ̀kúlẹ̀, wọ́n á ní "àwa orin là ń gbọ́, a kì í gbọ́ ẹ̀rọ", ìró wọn á wá ki bí ẹni tó fi tìmùtìmù dí sípíkà lẹ́nu, ẹ ò ní gbọ́ ohun tí olórin ń wí, ìlù mẹ́ta á di ọ̀kan. Ìyẹn kì í ṣe ìgbádùn, ó ti mọ́ wọn lára ni. Òótọ́ ni pé èèyàn lè gbádùn orin pẹ̀lú ohun tó kéré jọjọ. Láti ọdún 1915, ilé iṣẹ́ Thomas Edison ń kó akọrin kiri gbọ̀ngán l'Amẹ́ríkà, akọrin á dúró ti ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á máa kọ ohùn ẹ̀, òun náà á máa kọ ọ́, á dákẹ́, nígbà míì wọ́n á pa iná, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá sì ní àwọn ò mọ ìgbà tó dákẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba ohùn yẹn ò ní iná mànàmáná nínú, kò sí máíkì, apá kékeré nínú ohun tí etí ń gbọ́ ló lè mú. Ọgbọ́n ìpolówó wà níbẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wọ̀nyẹn jókòó, orin sì dé ọkàn wọn. Ká wá ní ẹ̀rọ tó ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, kó má tiẹ̀ ṣeé jókòó tì, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀rọ.

Tí wọ́n bá ní kí n fi ọwọ́ mú ọ̀kan, tó bá jẹ́ pé kò sí bí méjèèjì ṣe lè pé, màá kúrò lọ́dọ̀ kúlẹ̀kúlẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan sọ́dọ̀ ìgbádùn, ìgbésẹ̀ kan náà ni o, kò gbọ́dọ̀ di méjì. Bí mo ṣe ń mọ̀ pé mo ti dé ibẹ̀, ohun méjì ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Màá gbé orin ẹgbẹ́ akọrin kan sí i, màá mú ohùn kan láàárín, kì í ṣe tòkè kì í ṣe tìsàlẹ̀, màá gbìyànjú àtitẹ̀lé e dé òpin. Bí mo bá lè tẹ̀ lé e, kúlẹ̀kúlẹ̀ tó. Lẹ́yìn náà màá gbé orin kan tí wọn ò gbà sílẹ̀ dáadáa ṣùgbọ́n tí mo fẹ́ràn, màá jẹ́ kó lọ látòkè délẹ̀, mi ò sì ní jókòó sójú kan, màá máa ṣe iṣẹ́ mi káàkiri ilé. Tí ẹsẹ̀ mi bá ń lọ sí pálọ̀ fúnra ẹ̀, ó ti ṣe é. Tí ọwọ́ mi bá ń lọ síbi fọ́lúùmù láti dín in kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí n dín in kù, ohun kan wà lókè níbẹ̀ tó ń yọ mí lẹ́nu, màá padà síbi tuwítà àti ògiri.

Ọ̀rọ̀ wáyà tí wọ́n fi ń so sípíkà mọ́ ańpù, tí àwọn èèyàn ń jà lé lórí, mi ò ní dá sí i, kí olóòtú má bàa gba lẹ́tà ìbínú tó máa kún ọ́fíìsì.

Ohun tí mo wá fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín gan-an, olóòtú, kan àwọn tó ń bá yín kọ̀wé lórí ẹ̀rọ orin. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé sípíkà kan "mọ́", èkejì "gbóná", ẹ̀kẹta "ń fi gbogbo nǹkan hàn", a ò sì ní mọ ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n máa kọ ọ́ síbẹ̀ bí yàrá náà ṣe gùn tó àti bó ṣe fẹ̀ tó, bí sípíkà ṣe jìnnà sí ògiri tó, ohun tó wà nílẹ̀ àti lára ògiri, kí wọ́n sì sọ bóyá wọ́n wọn agbára ìró dọ́gba nígbà tí wọ́n fi méjì wéra. Kí wọ́n tún máa gbé e sọ́dọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó kọ nǹkan lórí ẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún wa bóyá nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn parí, wọ́n ṣì ń tan án láìjẹ́ pé iṣẹ́ ni. Bàbá tó kọ lẹ́tà lọ́sẹ̀ tó kọjá náà, bó bá lè kọ̀wé sọ fún wa bí sípíkà ẹ̀ ṣe jìnnà sí ògiri tó, inú mi á dùn láti kà á.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín, olólùfẹ́ orin